Bí àjọ tó ń wá ọmọ tó sọnù ṣe dé inú fóònù tiwa náà

Ẹ jókòó o, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Tí ẹ bá ní àbúrò tó ń lo fóònù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Lóṣù mélòó kan sẹ́yìn, aago méjì òru kọjá díẹ̀, fóònù mi dún. Ọmọ àǹtí mi ni, ọmọ ọdún 16, Ìbàdàn ló ń gbé. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ má sọ fún mọ́mì mi." Àyà mi já.

"Ọmọbìnrin" kan ló ń bá a sọ̀rọ̀ lórí Instagram láti ọjọ́ méjì. Wọ́n ń ṣeré, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin yìí wá fi fọ́tò ìhòòhò ránṣẹ́, ó ní kóun náà fi tiẹ̀ ránṣẹ́. Ó fi ránṣẹ́. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí ohùn fi yí padà: 50,000 náírà kílẹ̀ tó mọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo kíláàsì ẹ, pásítọ̀ ẹ, mọ́mì ẹ, gbogbo wọn ló máa rí i. Wọ́n ti ya orúkọ àwọn tó ń tẹ̀lé e sílẹ̀, wọ́n fi hàn án.

Ohun tó dùn mí jù nìyí. Nígbà tí ọmọ yẹn ń bẹ̀bẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé òun ò lówó, Yorùbá ni "ọmọbìnrin" náà fi dá a lóhùn. "Lọ jí owó bàbá ẹ." Ẹ̀yin ará mi.

Mo ní kó má sanwó, kó má pa ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ kọ rẹ́, kó sì má gé fóònù náà. Bó ṣe wà lórí fóònù lọ́hùn-ún ni mo ń wá ìrànlọ́wọ́ lórí Google níbí, títí mo fi kan nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní Take It Down. Àjọ tó ni ín ń jẹ́ National Center for Missing & Exploited Children, NCMEC ni wọ́n ń pè é ní kúkúrú. Àjọ ọmọ tó sọnù kẹ̀? Kí ló pa ọmọ tó sọnù pọ̀ mọ́ fọ́tò orí Instagram? Ìbéèrè yẹn ò kúrò lọ́kàn mi lẹ́yìn tí gbogbo ẹ̀ rọlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ka ìtàn wọn, òun ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí New York, oṣù Karùn-ún 1979. Ọmọ ọdún mẹ́fà kan tó ń jẹ́ Etan Patz ti ń bẹ àwọn òbí rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kóun dá rìn lọ síbi tí bọ́ọ̀sì iléèwé ti ń gbé wọn. Kò jìnnà sílé rárá. Wọ́n gbà. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa dá lọ nìyẹn, kò sì dé ibẹ̀. Iṣẹ́ fọ́tò yíyà ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, nítorí náà fọ́tò ọmọ náà tó dáa pọ̀ nílé. Àwọn fọ́tò yẹn ni wọ́n lẹ̀ káàkiri ìlú.

Láàárín 1979 sí 1981, ní Atlanta, wọ́n ń pa àwọn ọmọ àti ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n lé ní 20. Àwọn ìyá wọn ló dìde fúnra wọn, Camille Bell wà níwájú, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń pariwo pé ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń pa wá lọ́mọ. Àwọn èèyàn máa ń fo apá yìí tí wọ́n bá ń sọ ìtàn náà. Èmi ò ní fò ó.

Lẹ́yìn náà ni ti Adam Walsh, oṣù Keje 1981, ní ìlú kan tó ń jẹ́ Hollywood ní Florida (kì í ṣe Hollywood ti fíìmù o). Ìyá rẹ̀ fi í sílẹ̀ nídìí géèmù nínú ṣọ́ọ̀bù ńlá kan, ó lọ wo àtùpà tó fẹ́ rà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Nígbà tó padà dé, kò rí ọmọ mọ́. Bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé wọ́n ti pa á. Ọmọ ọdún mẹ́fà lòun náà.

Ohun tí bàbá rẹ̀, John Walsh, àti ìyá rẹ̀, Revé, wá rí nígbà tí wọ́n ń wá ọmọ wọn ló bí wọn nínú. Lásìkò yẹn, tí wọ́n bá jí mọ́tò ẹ, ọlọ́pàá lè kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà FBI, kí gbogbo ọlọ́pàá Amẹ́ríkà máa wá a. Ìbọn ńkọ́? Wọ́n lè kọ ọ́. Ẹṣin ńkọ́? Àní ẹṣin! Ti ọmọ èèyàn ni wọn kì í sábàá kọ síbẹ̀. Ọlọ́pàá ìlú kan lè máà mọ̀ rárá pé ọmọ sọnù ní ìlú kejì.

Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Òfin jáde ní 1982 pé kí orúkọ àwọn ọmọ tó sọnù wọ inú kọ̀ǹpútà FBI. Ní 1983, tẹlifíṣọ̀n NBC gbé fíìmù Adam jáde, àwọn mílíọ̀nù èèyàn wò ó lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, wọ́n sì fi fọ́tò àwọn ọmọ mìíràn tó sọnù hàn ní ìparí. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà 1984, Ààrẹ Reagan ṣí NCMEC ní White House. Láàárín ọdún yẹn kan náà làwọn iléeṣẹ́ mílíìkì ní Iowa bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ fọ́tò àwọn ọmọ tó sọnù sára páálí mílíìkì. Ọmọkùnrin méjì tó ń pín ìwé ìròyìn ní Des Moines ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ rò ó wò: ọmọ jókòó, ó ń jẹ oúnjẹ àárọ̀, ojú ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọn ò rí ń wò ó látara páálí. Ó dẹ́rù ba àwọn ọmọdé, òótọ́ ibẹ̀ sì ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń sọnù, àjèjì kọ́ ló jí wọn. Òbí tó ń bá ẹnì kejì jà nítorí ọmọ ló gbé àwọn kan, àwọn mìíràn sá kúrò nílé fúnra wọn. Ṣùgbọ́n ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé gbogbo ilé.

Ohun kan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn, torí mo máa padà sí i: àjọ yìí kì í ṣe ti ìjọba, kì í sì í ṣòwò jèrè. Ṣùgbọ́n apá ńlá nínú owó tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, ọ̀dọ̀ ìjọba ló ti ń wá.

Íntánẹ́ẹ̀tì wá dé. Ajọ́mọgbé ò nílò kó dúró sẹ́nu ọ̀nà iléèwé mọ́. Ní oṣù Kẹta 1998, NCMEC ṣí CyberTipline, ibi tí èèyàn lè fẹjọ́ sùn sí tó bá rí ẹni tó ń bá ọmọdé ṣe ìṣekúṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí tó ń pín fọ́tò irú ẹ̀. Ìròyìn tó ń wọlé nígbà yẹn, èèyàn lè jókòó kà á tán. Ní 2002 wọ́n tún dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ láti wo àwọn fọ́tò yẹn kí wọ́n lè mọ ta ni ọmọ inú ẹ̀: irú aṣọ ìbora wo nìyí, irú ihò iná wo ló wà lára ògiri, ìlú wo ni wọ́n ti ń lo irú ẹ̀. Mi ò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Àwọn kan ń jí láràárọ̀ lọ ṣe é.

Wàhálà tó kù ni pé fọ́tò kan náà máa ń yí káàkiri. Ọmọ kan lè ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó fìyà jẹ ẹ́, kó ti dàgbà, kó ti bímọ, síbẹ̀ kí fọ́tò ọjọ́ burúkú yẹn ṣì máa ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́. Èèyàn ò sì lè máa fi ojú yẹ àìmọye fọ́tò wò.

Ibí yìí ni apá tó wù mí jù wà. Ní 2009, Microsoft àti ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Dartmouth, Hany Farid, ṣe PhotoDNA, wọ́n sì fún NCMEC lọ́fẹ̀ẹ́. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹ rántí pé nígbà tí ogun àti ìkónilẹ́rú ń jà nílẹ̀ wa, tí ọmọ bá ṣìnà, ilà ojú rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ibi tó ti wá. Àbàjà yàtọ̀ sí pélé, pélé yàtọ̀ sí gọ̀ǹbọ́. O ò ní láti mọ orúkọ ẹ̀. PhotoDNA ń wá ilà fún fọ́tò. Kọ̀ǹpútà á sọ fọ́tò di dúdú àti funfun, á sún un sí ìwọ̀n kan náà, á gé e sí àpótí kéékèèké, á wá wo bí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ṣe ń yí padà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan. Ohun tó máa fún ọ ni nọ́ńbà gbọọrọ kan. Wọ́n ń pè é ní hash. Bí ẹnì kan bá sọ fọ́tò náà di kékeré, tàbí ó yí àwọ̀ ẹ̀ padà díẹ̀, ilà ẹ̀ ò parẹ́. Tí ẹnikẹ́ni bá tún gbé e sórí ìkànnì, kọ̀ǹpútà á dá a mọ̀ láìjẹ́ pé èèyàn kankan ní láti tún wò ó. Facebook bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní 2011, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e.

Bí iye ìròyìn ṣe fò sókè nìyẹn. Ní 2014 ó kọjá mílíọ̀nù kan lọ́dún. Ní 2018 ó di mílíọ̀nù 18.4. Ní 2023, mílíọ̀nù 36.2. Ẹ má ka iye yẹn sí iye ọmọ o. Fọ́tò kan tí àwọn èèyàn ń pín kiri pẹ̀lú ìbínú, pé "ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọmọdé", ó lè mú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìròyìn wá. (Torí náà, ẹ yéé pín irú fídíò bẹ́ẹ̀ lórí WhatsApp kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ ká bá yín wá òṣìkà náà. Ọmọ yẹn ni ẹ ń tún dójú tì.)

Òfin Amẹ́ríkà ní kí iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tó bá ti rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fi tó NCMEC létí. Ṣùgbọ́n òfin náà ò sọ pé kí wọ́n wá a. Ẹ wo ìyàtọ̀ tíyẹn ń fà: ní 2023, Facebook nìkan fi ìròyìn mílíọ̀nù 17.8 ránṣẹ́. Apple? 267. Kì í ṣe 267 ẹgbẹ̀rún o, 267 lásán. Ṣé àwọn ẹni burúkú kì í lo iPhone ni? Ẹni tí kò bá wo abẹ́ ibùsùn, kò ní rí ejò níbẹ̀.

Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé áńgẹ́lì ni mò ń ròyìn. Ní 2016, ilé ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà dájọ́ lórí ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tí AOL fi íméèlì rẹ̀ ránṣẹ́ sí NCMEC. Fọ́tò mẹ́rin ló wà nínú íméèlì náà, ẹyọ kan ṣoṣo ni ilà ẹ̀ bá ti kọ̀ǹpútà mu, ṣùgbọ́n NCMEC ṣí gbogbo ẹ̀ wò. Adájọ́ Neil Gorsuch, tó padà wá dé ilé ẹjọ́ tó ga jù, sọ pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tí ìjọba fún un lágbára láti ṣe kò lè máa sọ pé àjọ aládàáni lòun. Ó ní láti tẹ̀ lé òfin tó de ìjọba lórí yíyẹ ẹrù ẹlòmíràn wò. Owó tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn, ẹ ti rí i.

Bàbá kan tún wà ní San Francisco tí nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ kékeré wú. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀ fún dókítà. Fóònù bàbá náà gbé fọ́tò lọ sórí Google, kọ̀ǹpútà ní ìṣekúṣe ni. Wọ́n ti akáǹtì ẹ̀ pa: íméèlì, fọ́tò ọmọ láti kékeré, nọ́ńbà fóònù, gbogbo ẹ̀ lọ. Ọlọ́pàá wádìí, wọ́n ní kò jẹ̀bi. Google ò dá akáǹtì náà padà. Ọ̀rọ̀ náà jáde nínú New York Times ní 2022. Mo máa ń rántí bàbá yẹn tí àwọn èèyàn bá ní kí kọ̀ǹpútà kúkú máa yẹ gbogbo fóònù wò. Mo tún máa ń rántí àbúrò mi. Àwọn méjèèjì ò gba ibì kan náà lọ lọ́kàn mi, mi ò sì ní purọ́ fún yín pé mo ti yanjú ẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wálé.

Ní oṣù Kẹta 2022, ní Michigan, ọmọ ọdún 17 kan ń bá "ọmọbìnrin" kan sọ̀rọ̀ lórí Instagram lálẹ́. Gbogbo ẹ̀ lọ bó ṣe lọ fún àbúrò mi gẹ́lẹ́. Wọ́n bèèrè 1,000 dọ́là. Ó san 300. Wọ́n ní kò tó. Kílẹ̀ tó mọ́, ọmọ náà ti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Àwọn òbí ẹ̀ ò mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀.

Ibo làwọn tó wà nídìí akáǹtì yẹn wà? Èkó. Ọmọ ìyá méjì ni wọ́n, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ sí ogún ọdún ni. Wọ́n ra akáǹtì tí wọ́n jí gbé, wọ́n sì ti ṣe é fún àwọn tó lé ní 100, ọmọdé wà nínú wọn. Wọ́n fà wọ́n lé Amẹ́ríkà lọ́wọ́ ní 2023, wọ́n sì rán ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ sẹ́wọ̀n ọdún 17 àti ààbọ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2024.

Irú ìwà yìí ti yí iṣẹ́ NCMEC padà. Ní 2022, ìròyìn 10,731 ni wọ́n gbà nípa fífi fọ́tò gba owó lọ́wọ́ ọmọdé. Ní 2023, 26,718. Ọmọkùnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń ṣe é fún, ó sì ju 30 lára wọn tó ti tipa bẹ́ẹ̀ kú láti 2021. Ní oṣù Keje 2024, Meta yọ akáǹtì Instagram bí 63,000 tí wọ́n ń lò láti Nàìjíríà fún iṣẹ́ yìí. Àgbàlagbà ọkùnrin ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ń lé jù, ṣùgbọ́n wọ́n rí àwọn tó ń lé ọmọdé, wọ́n sì fi tiwọn ránṣẹ́ sí NCMEC. Wọ́n tún pa àwọn ẹgbẹ́ orí Facebook tí wọ́n ti ń ta ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa kọ, tí wọ́n ti ń kọ́ ara wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bí ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni o.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa kọ sábẹ́ ibí yìí. "Òyìnbó ló kó wa lẹ́rú, a ń gbowó wa padà ni." Mo ti gbọ́ ọ tó, kódà lẹ́nu àwọn tá a jọ jáde ní yunifásítì. Ọmọ ọdún 17 yẹn ò kó ẹnikẹ́ni lẹ́rú. Àbúrò mi kì í sì í ṣe òyìnbó. Ẹni tó bá ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dẹ́rù ba ọmọ Michigan, kí ló máa dá a dúró tí Ìbàdàn bá sún mọ́ ọn jù? Òfin tiwa náà sì wà: òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti 2015 ní ẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 10 ń bẹ fún ẹni tó bá ń ṣe fọ́tò ìṣekúṣe ọmọdé tàbí tó ń pín in kiri.

Take It Down, tí mo rí lóru yẹn, ọdún 2023 ni NCMEC gbé e jáde, Meta ló sì fún wọn lówó ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 nígbà tí wọ́n ya fọ́tò náà ló wà fún, ibi yòówù kó wà. Kò ní kó o kọ orúkọ. O máa mú fọ́tò náà lórí fóònù ẹ, fóònù náà á ṣírò ilà ẹ̀, nọ́ńbà yẹn nìkan ló ń lọ. Fọ́tò ò kúrò lọ́wọ́ ẹ. Àwọn ìkànnì tó bá ti bá wọn dọ́wọ́ pọ̀, bíi Facebook, Instagram àti TikTok, á máa wá nọ́ńbà náà lórí tiwọn. Kò lè wo inú WhatsApp, kò sì lè ṣe nǹkan kan fún ìkànnì tí kò bá sí nínú ètò náà. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ má bàa gbẹ́kẹ̀ lé e jù.

Nǹkan bí aago mẹ́rin la parí ẹ̀. Mo sọ fún un pé a máa sọ fún mọ́mì ẹ̀, pé èmi ni mo máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo pè wọ́n, mo ní kí wọ́n jókòó, mo ní ọmọ ò jalè, kò pààyàn. Àǹtí mi gbọ́ ọ tán, wọ́n dákẹ́, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Wọ́n wá pe orúkọ ẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé o ti jẹun?"

Wọn ò sanwó. A fẹjọ́ akáǹtì náà sùn lórí Instagram, kí ọjọ́ tó lọ, kò sí níbẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kejì òmíràn bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà. Ó gbé fóònù lọ fún mọ́mì ẹ̀ nínú kíṣíìnì, wọ́n jọ dí i pa.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló tó bi mí ní ìbéèrè tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn látàárọ̀. "Àǹtí mi, àwọn ará Amẹ́ríkà yẹn, ṣé wọ́n wá rí fọ́tò mi?"

Mo ní rárá. Nọ́ńbà ni wọ́n rí.

"Nọ́ńbà lásán?"

Nọ́ńbà lásán. Ó ní ó dáa, ó fẹ́ lọ sùn.